Ẹni Tó Wà Lódìkejì Mátírẹ́ẹ̀sì

Ènìyàn méjì ní í rán mátírẹ́ẹ̀sì olówùú. Bí ẹnìkan bá dá a rán, ẹni tó bá sùn lé e á rò pé orí àpò iṣu lòun wà. Wọ́n á gbé e dúró gbọnrangandan sínú férémù igi láàrin ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan á dúró níwájú, ìkejì lẹ́yìn, wọn ò ní rí ara wọn títí iṣẹ́ á fi parí. Ti iwájú á ki abẹ́rẹ́ gígùn bọ inú òwú, á fi ìka kan igi: kó! Ìyẹn ni pé, "Mo ti tì í, fà á." Ti ẹ̀yìn á fà á, á tì í padà, òun náà á kàn án: kó! Bí o kò bá tíì gbọ́ kó, má fọwọ́ síbẹ̀ o. Abẹ́rẹ́ ò mọ ọ̀gá.

Ọlọ́wọ́-Òsì ló máa ń wà lẹ́yìn. Àlejò ni nílùú náà. Nítorí ọwọ́ òsì rẹ̀ gan-an ni ọ̀gá tó ni ṣọ́ọ̀bù ṣe gbà á síṣẹ́, torí ọ̀tún ni ọ̀gá ń lò, bí ọlọ́wọ́ ọ̀tún àti ọlọ́wọ́ òsì bá sì kọjú síra, ojú kan náà ni ọwọ́ wọn ń bọ́ sí. Kí ó tó dé, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ti wà ní títì. Ẹ̀gbọ́n ọ̀gá tó ń bá a fa abẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ ọ̀gá ní àwọn ò lè máa jẹ eruku òwú. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ńkọ́, èyí tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ó-Dọ̀la? Bí wọ́n bá ní kó wá ṣiṣẹ́, "Ó dọ̀la" ni.

Ìdí òwú yẹn ni ọ̀gá ti ń sọ òtítọ́. Ẹni tí kì í sọ ju "ẹ káàárọ̀" lọ lójú pópó, tó bá ti wà nídìí mátírẹ́ẹ̀sì, tìfun-tẹ̀dọ̀ ni yóò tú síta. Ibẹ̀ náà ni Ọlọ́wọ́-Òsì ti sọ fún un nípa ìyàwó àti ọmọbìnrin rẹ̀ tó fi sílẹ̀ sílé.

"Jẹ́ kí wọ́n máa bọ̀ jàre," ni ọ̀gá wí. "Kí onílẹ̀ kan dìde fún ọ nípàdé àdúgbò, ó tán. Àbúrò mi, èmi ni n ó kọ́kọ́ dìde. Kí ni mo wà fún?" Kó!

Bí òfin wọn ṣe rí nìyẹn. Àlejò tó bá fẹ́ dúró, tó fẹ́ mú ìyàwó àti ọmọ wá, kí onílẹ̀ kan ṣáà ti dìde. Kò ní sọ̀rọ̀. Kó ṣáà ti dìde. Bí kò bá sí ẹni tó dìde, kí àlejò máa palẹ̀ mọ́. Inú Ọlọ́wọ́-Òsì dùn débi pé ó kó àjẹkù aṣọ jọ, ó rán mátírẹ́ẹ̀sì kékeré kan fún ọmọ rẹ̀, ó fi ìṣó gbé e kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Inú kíláàsì ọmọdé ni wọ́n jókòó sí, àgbà lórí àga ọmọ jẹ́léósinmi, orúnkún ń kan àgbọ̀n. Alága, alápatà tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé, ní, "Àlejò ti pọ̀ jù. Ẹ ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀. Kí lo rí sọ?"

"Iṣẹ́ wo?" ni Ọlọ́wọ́-Òsì bi í. "Nígbà tí mo dé, alántakùn ló ń ṣe ọ̀gá ní ṣọ́ọ̀bù yẹn. Mi ò ti ẹnikẹ́ni kúrò níbẹ̀. Òfìfo ni mo bá, mo dúró sí i. Àwọn obìnrin tó ń gbọn òwú fún wa lónìí, ọmọ yín ni wọ́n. Ẹni tó ń ta aṣọ fún wa, ọmọ yín ni. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ gbé ọjà wa, òun ló ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn lọ́hùn-ún! Èmi nìkan ni àlejò nínú gbogbo wọn. Tí ẹ bá yọ mí, ẹ wò ó bóyá iṣẹ́ náà yóò ṣì máa lọ. Alága, mátírẹ́ẹ̀sì tí ẹ ń sùn lé, ta ló rán ẹ̀yìn rẹ̀?"

"Ẹ̀yìn Alága fẹ̀, ó gba ìrànlọ́wọ́ àlejò!" ni ẹnìkan pariwo. Ilé hó fún ẹ̀rín.

"Mi ò tọrọ àánú o," ni Ọlọ́wọ́-Òsì wí. "Ilé tí àyè ṣófo nínú rẹ̀, tó tún ń lé ẹni tó fẹ́ jókòó síbẹ̀, ebi ló ń ránṣẹ́ pè."

Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Alága wúkọ́. "Ó dáa. Ta ni yóò dìde?"

Gbogbo orí yí sọ́dọ̀ ọ̀gá. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń so okùn bàtà. Ó so ó, ó so ó. Ọlọ́wọ́-Òsì wo bàtà náà dáadáa. Bàtà yẹn ò ní okùn.

"Kò sí," ni Alága wí. "Ó parí."

Lẹ́nu ọ̀nà, Ó-Dọ̀la fọwọ́ gbá Ọlọ́wọ́-Òsì lẹ́yìn. "Má bínú, bọ̀bọ́. Ọ̀gá ti ní kí n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù lọ́la." Òun tí kì í bẹ̀rẹ̀ rárá!

Kò tíì di ọ̀sán ọjọ́ kejì tí ọ̀gá fi kan ilẹ̀kùn yàrá Ọlọ́wọ́-Òsì, ó fi aṣọ di ìka.

"Òsì, àbúrò mi, ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣàn níbẹ̀. Ó-Dọ̀la fa abẹ́rẹ́ kí n tó kàn án, ó sì tún tì í láìkàn án, ó gún mi, ó lọ jẹun, kò padà. Mátírẹ́ẹ̀sì òtẹ́ẹ̀lì sì rèé, wọ́n ń bọ̀ wá gbé e. Èyí nìkan, jọ̀ọ́."

Ọlọ́wọ́-Òsì ìbá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tó fẹ́ gbọ́, ibì kan ṣoṣo ni ọ̀gá sì ti ń sọ òtítọ́. Ó tẹ̀ lé e.

Wọ́n dúró, oníkálùkù sáyè rẹ̀. Kó. Ó fà á. Kó. Ọ̀gá fà á. Ó ṣe díẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ ò dìde?"

"Ìyàwó mi ni," ni ohùn ọ̀gá wí. "Ó ní bí mo bá dìde fún ọ, tí àbúrò òun jókòó láìríṣẹ́, kí n wá ibòmíì sùn."

"Ẹ̀yin tí ẹ ń rán mátírẹ́ẹ̀sì ni wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ rí ibi sùn?"

"Má fi mí ṣẹ̀fẹ̀." Kó. "Mo bẹ̀rù. Mo rò pé ẹlòmíì yóò dìde."

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé Ọlọ́wọ́-Òsì. Gbogbo wọn ló rò bẹ́ẹ̀, nínú kíláàsì yẹn. Oníkálùkù ń wo ẹnìkejì, àlejò ń wo gbogbo wọn. Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn, tó fi ẹ̀gún sọ́wọ́, ó tún rántí wá ní kí a wá bá òun yọ ẹ̀gún.

Ó ti abẹ́rẹ́ padà, ó kàn án dáadáa, nítorí òun kì í gún ènìyàn. Lẹ́yìn náà ó bọ́ kúrò láyè rẹ̀, ó já mátírẹ́ẹ̀sì kékeré náà lára ìṣó, ó gbé e lé èjìká. Láti ẹnu ọ̀nà, ó rí iwájú, ó rí ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tí kò rí rí. Ọ̀gá ti fa abẹ́rẹ́, ó ti tún tì í padà, ó fetí lé aṣọ. Lódìkejì, ẹnu abẹ́rẹ́ ti yọ jáde, ó ń gbọ̀n.

Kó, ni ọ̀gá kàn.

Ó tún kàn án. Kó.

Ọlọ́wọ́-Òsì sọ̀kalẹ̀ sí títì.

"Àbúrò mi?" Kó. Kó. Kó.