Sátidé Tó Bọ́ Sọ́jọ́ Ọjà

Ọjọ́ ọjà Abà Olúkòsì ni Fọlọ́runṣọ́, akọ̀wé rélùwéè, bi Adétutù bóyá yóò fẹ́ òun, Sátidé sì ni ọjọ́ náà bọ́ sí. Kánò ni wọ́n bí ọkùnrin náà sí, Ìbàdàn ló ti ń ṣiṣẹ́, Sátidé nìkan ló sì ń ráàyè jáde. Ní ti Adétutù, ọjọ́ ọjà nìkan ni Àbíkẹ́, ìyá rẹ̀, ń jẹ́ kó jáde láìbi í léèrè ibi tó ń lọ.

"Sátidé tí ọjà bá tún bọ́ sí, màá wá gbọ́ èsì," ni Fọlọ́runṣọ́ wí. "Bí n kò bá rí ọ, mo ti mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ nìyẹn." Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó di ọ̀nà Adégbayì padà sí Ìbàdàn.

Inú Adétutù dùn dé ẹ̀yìn. Ó ti gbà kí wọ́n tó bi í, ojú ló ń tì í. Bó ti délé ló da ẹkùrọ́ sílẹ̀, ó to ti ọjà ní mẹ́rin-mẹ́rin lọ́tọ̀, ó to ti Sátidé ní méje-méje lọ́tọ̀, ó sì rí i pé ọjà keje àti Sátidé kẹrin ni wọn yóò tó pàdé. Ó wò ó bóyá wọ́n lè pàdé ṣáájú, kò ṣeé ṣe. Alágídí ni méje: pín in sí méjì, ọ̀kan ṣẹ́kù, pín in sí mẹ́ta, ọ̀kan ṣẹ́kù, àfi kó wà lódidi tàbí kó fọ́ ní oókan-oókan.

Sátidé kẹrin pé. Adétutù dúró lọ́jà títí àwọn ọlọ́jà fi palẹ̀ mọ́, kò rí ẹnì kankan. Ó sunkún délé. Nígbà tí ìyá rẹ̀ sọ pé àwọn ará ilé Ìyàndá alágbẹ̀dẹ, tí wọ́n ti wá tọrọ rẹ̀ láti fi ṣaya, fẹ́ wá gbọ́ èsì tiwọn ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé tó ń bọ̀, ìbínú ló fi dáhùn pé kí wọ́n máa bọ̀.

Sátidé ọ̀hún dé. Adétutù ń pa ẹkùrọ́ lọ́wọ́ àárọ̀, ọkàn rẹ̀ ò kúrò lọ́dọ̀ akọ̀wé yẹn. Ọrọọrún ni wọ́n ń ná ọjà Olúkòsì. Bí ẹni tí wọ́n bí sí Kánò bá gbọ́ ọrún, kí ni yóò kọ sórí tákàdá? Márùn-ún ni. Ó yára to ẹkùrọ́ ní márùn-ún-márùn-ún lọ́nà méje, ó kà á mọ́ ọjọ́ tí wọ́n ṣe àdéhùn. Òní ló bọ́ sí.

Ó ju òkúta tó fi ń pa ẹkùrọ́ sílẹ̀, ó bẹ́ jáde.

"Níbo lò ń sáré lọ?" ni Àbíkẹ́ bi í. "Òní kọ́ lọjà."

"Mo mọ̀, Ìyá mi," ó ti ré kọjá igi ọsàn kó tó dáhùn tán.

Kò sí ohun kan lọ́jà àfi ewúrẹ́ àti àwọn àtẹ òfìfo. Fọlọ́runṣọ́ jókòó sórí ọ̀kan nínú wọn, ó wọ kóòtù, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ fara ti igi, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Nígbà tó rí Adétutù, ó dìde fùú.

"Àwọn ọlọ́jà dà?"

"Ọ̀la lọjà."

"Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Márùn-ún lọ́nà méje, márùndínlógójì ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe é."

"Ẹ ò mọ̀ pé a máa ń ka òní mọ́ ọn. Bí a bá ná ọjà lónìí, òní ni ìkíní. Ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ni ilẹ̀ ń mọ́ tí a fi tún ń ná an."

Fọlọ́runṣọ́ fi ìka ka ọjọ́. Ó tún un kà.

"A jẹ́ pé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá…"

"Mo dúró títí wọ́n fi palẹ̀ mọ́."

"Ta ló wá sọ fún ọ pé mo wà níbí lónìí?"

"Àṣìṣe yín ni mo bá yín ṣírò."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, omi sì lé sí i lójú. Adétutù kò dúró wò ó. Ó ti di kẹ̀kẹ́ náà mú, ó ń yí i sí ọ̀nà ilé.

"Àwọn kan ń bọ̀ wá gbọ́ èsì lọ́dọ̀ ìyá mi nírọ̀lẹ́ yìí," ó ní. "Ẹ gbé mi sẹ́yìn, kí n lọ sọ èsì mi lójú yín."