Òjò Tó Ń Bo Òjò

Òjò ń fi ìbínú lu òrùlé ibùdó rédà, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ṣọ́ òjò, nígbà tí fóònù dún. Obìnrin tó ń ṣọ́ ojú ẹ̀rọ wo nọ́ńbà náà, ó pòṣé. Ọkọ rẹ̀ àtijọ́ ni, ọlọ́kọ̀ ojú omi, ọkùnrin tó kó ẹrù rẹ̀ síta lójú gbogbo àdúgbò.

Ọkùnrin náà kò kí i. Ó béèrè bóyá òjò wà lórí adágún, nítorí èrò ti kún inú ọkọ̀ òun, wọ́n sì ń kánjú àtisọdá.

Obìnrin náà wo ẹ̀rọ. Ohun tí rédà ń ṣe kò le: á ju ìgbì rédíò sójú ọ̀run, ẹ̀kán òjò á dá a padà, bí èyí tó padà bá sì ṣe lágbára tó ni òjò ṣe pọ̀ tó. Pupa ni àmì òjò ńlá. Orí ibùdó pupa wẹ̀ẹ̀. Orí adágún mọ́ foo. Ṣùgbọ́n kò sí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ tí kò mọ̀ pé bí òjò ńlá bá jókòó lé ibùdó lórí, á gbé ìgbì náà mì ní àlọ, á tún gbé e mì ní àbọ̀. Ìjì lè wà lẹ́yìn rẹ̀ kí ojú ẹ̀rọ má fi hàn. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé àwọn ò lè mọ̀.

Ó rántí àpótí aṣọ rẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

“Ojú ẹ̀rọ mọ́ lórí adágún,” ó rọra sọ ọ́. “Máa lọ ire, baba ọmọ mi.”

Kò parọ́. Inú rẹ̀ dùn, ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ tí òjò kúrò lórí òrùlé. Ẹ̀rọ yí lẹ́ẹ̀kan, adágún sì pọ́n láti etí dé etí. Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. Ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àwọn èrò inú ọkọ̀ yẹn kò kó ẹrù ẹnikẹ́ni síta. Ó pe ọkùnrin náà, kò gbé e. Ó tún pè, ẹ̀rù sì bà á débi pé ó ń sunkún.

Nígbà tó yá, ọkùnrin náà gbé e.

“Mi ò lọ,” ló sọ. “Látìgbà tá a ti kọ ara wa, èébú lo fi ń dá mi lóhùn. Lónìí o pè mí ní baba ọmọ ẹ, ara sì fu mí. Mo ní kí gbogbo èrò bọ́ sílẹ̀.”

Ó ní kó má pe òun mọ́ àfi tí ara ọmọ ò bá yá, ó sì pa fóònù.

Obìnrin náà jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀ tó ń yí. Kò tíì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tó ọkùnrin yẹn, ìyẹn sì dùn ún ju àpótí inú ẹrẹ̀ lọ.