Ọ̀dà Tí Kò Dé Àjà

Ẹ̀rù ilé yẹn ti bà mí kí n tó mọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù. Akunlé ni mí. Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń kun ilé onílé, mi ò sì tíì rí ẹni tó kun yàrá láti ilẹ̀ dé ibi tí ọwọ́ àgbà lè tó, kó wá fi òkè sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dà àtijọ́. Òkè la ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ lánàá pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ta ló kun èyí?" ni mo bi alágbàtà tó mú wa wá.

Ó rẹ́rìn-ín. Bàtà rẹ̀ ń dán ju ojú rẹ̀ lọ. "Ọ̀dà ló tán, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin náà á kun ìyókù, ṣebí iṣẹ́ yín ni."

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi ò tiẹ̀ gbọ́. Olùkọ́ ni, kò sí nǹkan tí kì í fún ní máàkì. Abúlé mẹ́rin la ti wò, ó sì ti fagi lé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nínú ìwé rẹ̀: ọ̀kan ò lómi, ọ̀kan ò ní iléèwé, ilẹ̀ ọ̀kan jẹ́ kìkì òkúta, ọ̀kan jìnnà sí ọsibítù. Èyí tó ṣe ìkarùn-ún yìí ń gba gbogbo máàkì. Ilẹ̀ rẹ̀ dúdú, kànga rẹ̀ kún, iléèwé ò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Dókítà sì ti kìlọ̀ fún wa pé bí a ò bá mú ọmọ wa kúrò nínú èéfín ìlú, ikọ́ tó ń wú yẹn lè di nǹkan mìíràn sí i lára. Ọmọ kan ṣoṣo la ní, ọmọ ọdún mẹ́rin. Àlùbọ́sà là ń pè é, nítorí omijé rẹ̀ ò jìnnà.

"Òní yìí ni n ó fọwọ́ sí ìwé ilé yìí," ni ìyàwó mi wí. "Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ọ̀dà dà mí láàmú, Bàbá Àlùbọ́sà."

"Ìṣó tí wọ́n ń fi aṣọ kọ́ ńkọ́? Wo ibi tó wà! Ta ló ń gun àga kó tó fi ṣẹ́ẹ̀tì kọ́?"

"Ó lè jẹ́ pé àwọn tó ga ló gbébẹ̀."

Mo rí alágbàtà tó ń yọjú wo sánmà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló yọjú. Òjò ti ṣú. Ó na bírò sí ìyàwó mi, àmọ́ ìbéèrè kan ló kù nínú ìwé tiẹ̀: àwọn aládùúgbò ńkọ́?

"Ìyá kan ló kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibí," ni alágbàtà wí. "Orí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ pé mọ́."

"Èmi ni mo máa mọ ìyẹn," ni ìyàwó mi dáhùn, ó sì mú ọ̀nà pọ̀n.

Ìyá arúgbó náà kí wa káàbọ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín. Àkàbà kan fara ti ògiri rẹ̀, ó kan òrùlé. Lára òpó ilẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n fi ọ̀bẹ fa àmì, wọ́n kọ ọdún sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ wo nǹkan!" Ìyàwó mi pàtẹ́wọ́. "Wọ́n ń wọn bí ọmọ wọn ṣe ń ga sí!" Ó fa Àlùbọ́sà síbẹ̀. Àmì kejì láti ìsàlẹ̀ bá àtàrí rẹ̀ dọ́gba. "Ìyá, ọmọ mélòó lẹ tọ́ dàgbà níbí?"

"Ọ̀kan," ni ìyá wí.

Mo ka àwọn àmì náà. Mọ́kànlá ni. Mo gbójú sókè. Tòkè pátápátá ga ju orí mi lọ, èmi tí kì í lo àkàbà kí n tó kun àtẹ́rígbà.

"Ìyá, kí lẹ ń wọ̀n?"

Ó wò mí bí ẹni pé mo béèrè ohun tọ́mọdé mọ̀. "Omi ni. Bí odò ẹ̀yìn ilé bá ti wọlé, tó tún padà, ọmọ mi á mú ọ̀bẹ, á sàmì síbi tó dé." Ó nawọ́ sókè. "Mẹ́wàá, òun ló fà á. Tòkè yẹn, èmi ni."

Ìgbà náà ni mo mọ ohun tí wọ́n fi ọ̀dà ilé yẹn bo: ojú ibi tí omi dé. Ìwé já bọ́ lọ́wọ́ ìyàwó mi.

"Ẹ kó kúrò níbí, ìyá, ẹ jọ̀ọ́." Ìyàwó mi di ọwọ́ ìyá mú.

"Wọn ò tíì rí ọmọ mi. Bó bá padà dé, tó bá ilẹ̀kùn ní títì ńkọ́?"

Òjò bẹ̀rẹ̀. Ariwo kan tí mo ti ń gbọ́ látàárọ̀, tí mo rò pé afẹ́fẹ́ ni, tún ròkè lẹ́yìn ilé. Yéè! Odò ni! Bí àgbà bá rí ejò tí kò sá, ara ikú ló ń yá a. Mo gbé ọmọ mi sí èjìká, mo fa ìyàwó mi lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ di bó ò lọ, o yà mí. Alágbàtà ti wà nínú mọ́tò, ó ti ń yí i padà láìdúró dè wá.

"Ṣílẹ̀kùn, ọ̀dájú!" Mo fi ìkúùkù lu gíláàsì títí ó fi ṣí i.

Mo wẹ̀yìn bí mọ́tò ṣe ń sáré lọ. Ìyá ti dé àárín àkàbà rẹ̀, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí a dé orí afárá onípákó tí a gbà wọ abúlé náà, omi ti ń ta sí pákó rẹ̀, ìyàwó mi ń pe Ọlọ́run, èmi náà ń pè é.

Àlùbọ́sà tó máa ń sunkún bí búrẹ́dì rẹ̀ bá kán sí méjì, kò sunkún. Ó gbé ọwọ́ lé àtàrí ara rẹ̀.

"Dádì, èyí tó kàn mí lórí yẹn, ṣé omi kékeré ni àbí ńlá?"

Mo sọ fún un pé kékeré ni. Òótọ́ ni mo sọ, mi ò sì lè gbé e kúrò lórí itan mi títí a fi délé.