Ọmọ Tí Mo Yọ Kúrò Lórí Ìlà

Ẹ̀rù ni mo bá wọ kíláàsì náà, ẹ̀rù náà sì ni mo ń bá gbé níbẹ̀. Ilé ìwé mọ́dà ni mo kà mọ, mi ò sì kà á parí. Aṣọ ni mò ń rán ní Ìsọlọ̀, mo ti ń sún mọ́ ogójì ọdún, nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo ọmọ wá kàwé lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ wá pọ̀ ju tíṣà lọ. Wọ́n ń wá ẹni tó lè kọ A, B, D sí ojú bọ́ọ̀dù. Mo ní mo lè kọ ọ́. Bí mo ṣe di tíṣà nìyẹn.

Ọ̀gbẹ́ni Fákúnlé, ará Èkìtì bíi tèmi, ni ọ̀gá ilé ìwé. Ó wọlé lọ́jọ́ kan, àwọn ọmọ ń ka ìwé, ohùn wọn ròkè bí orin. Ó gba ìwé lọ́wọ́ Kẹ́hìndé, ó dorí ẹ̀ kodò, ó fi í lé e lọ́wọ́ padà. Kẹ́hìndé ń kà á lọ. Kò ṣi ọ̀rọ̀ kan.

"Abọ́sẹ̀dé, kí lọmọ yìí ń ṣe?"

"Ó ń kàwé, sà."

"Ìwé wo? Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ ló há sórí. Odídẹrẹ́ lò ń sìn síbí."

Ó ní kí n jẹ́ kí wọ́n máa fojú rí ohun tí mò ń kọ́ wọn, kí wọ́n máa fọwọ́ kàn án. Mo kọ orúkọ nǹkan sára páálí, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ nǹkan ọ̀hún: ilẹ̀kùn, àga, ìkòkò omi. Ìyẹn dáa. Kẹ́hìndé bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tọ lẹ́tà. Ìṣirò ló le. Mo kó òkúta wẹ́wẹ́ fún wọn, wọ́n ń sọ ọ́ lu ara wọn. Mo kó ìdérí ìgò, wọ́n ń gbá a bíi bọ́ọ̀lù. Mo wá rò ó pé ohun tí ọmọ ò lè sọ nù ni ọmọ ẹgbẹ́ ẹ̀.

Mo to àwọn márùn-ún síwájú bọ́ọ̀dù. Kẹ́hìndé àti Táíyé wà níbẹ̀, ìbejì, obìnrin méjèèjì.

"Ọmọ mélòó nìyí?"

"Márùn-ún!"

Mo fa Táíyé lọ́wọ́, mo mú un lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Mo yọ ọ̀kan kúrò. Ó ku mélòó?"

"Mẹ́rin!"

Àwọn tí kì í gbójú sókè nínú kíláàsì pàápàá mọ̀ ọ́n. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ẹ̀rù.

Lọ́jọ́ kejì, Kẹ́hìndé nìkan ló wá, ìyá wọn ló sì fà á lọ́wọ́ dání. Sẹ̀kínátù lorúkọ ẹ̀, àmọ́ Ìyá Ìbejì ni wọ́n ń pè é ní Apákun, níbi tó ti ń ta búrẹ́dì lẹ́bàá títì.

"Ẹ káàárọ̀, Àǹtí Tíṣà. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ní kẹ́ ẹ máa ka ọmọ fún mi?"

Mo gbé ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ mi sílẹ̀.

"A kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ. Ṣé wọn ò kọ́ yín nílé ni? Ẹ tún wá yọ Táíyé kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kẹ́hìndé, gbogbo kíláàsì ń pariwo lé e lórí. Láti ìrọ̀lẹ́ àná lara ọmọ ti ń gbóná bí ààrò."

"Ìyá Ìbejì, ìṣirò ni."

"Ẹ ò léwúrẹ́ nílé tẹ́ ẹ lè kà ni?"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo fẹ́ sunkún. Ohun tó ń sọ yìí, ìyá mi ti sọ ọ́ fún mi kí n tó mọ ìwé rárá. Báwo ni mo ṣe gbàgbé? Àbí mi ò gbàgbé, mo kàn rò pé kíláàsì kì í ṣe ilé? Mi ò mọ̀.

Ó ní àwọn méjèèjì ò ní wá mọ́, òun á sì kìlọ̀ fáwọn ìyá yòókù. Ó mú Kẹ́hìndé, ó lọ. Ọ̀gá ti gbọ́ gbogbo ẹ̀ lójú fèrèsé.

"Ibà ni, Abọ́sẹ̀dé. Ẹ̀fọn pọ̀ lẹ́yìn fáktírì tó wà ládùúgbò wọn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ṣùgbọ́n táwọn ìyá bá kó ọmọ wọn lọ, ta ni wàá máa kọ́? Lọ bẹ̀ ẹ́. Tí ìbejì yẹn ò bá padà, kí ìwọ náà padà sídìí máṣíìnì ẹ."

"Kí ni kí n sọ, sà? Kí n ní mo jẹ̀bi, àbí kí n ní ibà ni?"

Ó wolẹ̀. "Ìwọ ṣáà lọ bẹ̀ ẹ́."

Mo bá Táíyé lórí ẹní nílé wọn. Àgbo wà lápá kan, oògùn ibà wà lápá kejì. Ìyá ẹ̀ náà ò mọ èyí tí yóò gbà gbọ́. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ̀bẹ̀ kọ́," ó ní. "Ẹ dá a padà."

"Síbo?"

"Síbi tẹ́ ẹ ti yọ ọ́. Lójú àwọn tó pariwo. Tára ẹ̀ bá ti tutù, mo ń mú un bọ̀."

Ó sì mú wọn wá. Ẹsẹ̀ Táíyé ò tíì ranlẹ̀ dáadáa. Ìyá ẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí. Mo to àwọn mẹ́rin ìjọ́sí. Bí mo bá kà wọ́n, mo tún ti ṣẹ̀. Bí mi ò bá kà wọ́n, kí ni mo fi ń dá a padà?

Mo rí òkúta tó kù lábẹ́ bọ́ọ̀dù. Mo fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan lé wọn lọ́wọ́, mo ní kí wọ́n tò ó sórí tábìlì. Mo fún Táíyé ní tiẹ̀. Ó rọra rìn wá, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Kẹ́hìndé.

"Òkúta mélòó?" Mo nawọ́ sí tábìlì.

"Márùn-ún!"

"Òkúta lẹ kà?" ìyá wọn bi mí.

"Òkúta ni, Ìyá Ìbejì."

Ó rò ó. Ó wọlé, ó mú òkúta àwọn ọmọ ẹ̀ méjèèjì, ó so ó mọ́ ṣẹ́tí ìró ẹ̀, ó fà á kó le. "Kò sẹ́ni tó máa yọ wọ́n mọ́," ó ní. Ó ti àwọn ọmọ síwájú, wọ́n jókòó. Ó yí padà, ó ń lọ síbi búrẹ́dì ẹ̀.

Kẹ́hìndé ń wo tábìlì. Mi ò bi í ní nǹkan kan.

"Àǹtí," ó ní, "ó ti ku mẹ́ta."

Mo wo ẹnu ọ̀nà. Ìyá Ìbejì ò wẹ̀yìn.