Ẹni Tí Wọn Kì Í Bá Wí

Ọkọ̀ kan náà ló gbé olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì dé, ọjọ́ kan náà ni wọ́n sì wọ ilé ìyá télọ̀. Àwọn méjèèjì fi ìlú wọn sílẹ̀ láti wá fi ọdún kan ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ nílẹ̀ òkèèrè, ọ̀kan nílé ẹ̀kọ́, ọ̀kan nílé ìwòsàn. Yàrá wọn kọjú síra. Ẹ ò wá ní sọ pé olùkọ́ kò lẹ́jọ́ láti rò nígbà tó rí i pé ìyá télọ̀ ti sọ ọ̀kan di ọmọ, tó sì fi ìkejì sílẹ̀ ní àlejò.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Lọ́jọ́ tí wọ́n dé, ìyá télọ̀ fa àga fún wọn. Olùkọ́ jókòó, ó káwọ́ lé itan, ó ń dúpẹ́ lemọ́lemọ́, nítorí ilé tí wọ́n ti kọ́ ọ pé àlejò kì í yọjú sí ilé ìdáná onílé ló ti wá. Nọ́ọ̀sì ní tirẹ̀ ju báàgì sílẹ̀, ó wọ ilé ìdáná, ó ṣí ìkòkò, ó béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Olùkọ́ pòṣé nínú ara rẹ̀. Ó ní ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ni.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ dùn mọ́ ọn. Òun ni wọ́n ń kọ́kọ́ bu oúnjẹ fún, ẹran tirẹ̀ ló tóbi jù. Ó tẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láago, ó ní wọ́n ń gbé òun gẹ̀gẹ̀. Nígbà tó yá, etí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ nǹkan mìíràn. Ìyá télọ̀ á ké mọ́ nọ́ọ̀sì pé ó gbàgbé korobá sídìí ẹ̀rọ omi, á rán an lọ ra òwú, á ní kó wá di etí aṣọ mú. Bí olùkọ́ bá dìde láti ràn wọ́n lọ́wọ́, ìyá á ní kó jókòó jàre, ó ti ṣiṣẹ́ lónìí. Olùkọ́ ń jowú nọ́ọ̀sì débi pé èébú tí wọ́n ń bú u ń wu òun náà.

Àlùmọ́gàjí ńlá kan wà tí ìyá télọ̀ fi ń gé aṣọ. Ẹni tó bá fi gé bébà ti sọ ọ́ di èyí tí kò mú mọ́ nìyẹn. Nọ́ọ̀sì ti fi gé bébà rí, ìyá sì sọ̀rọ̀ sí i láti òwúrọ̀ títí wọ́n fi jọ jókòó ṣẹ̀fẹ̀ nírọ̀lẹ́. Olùkọ́ ro ọ̀rọ̀ náà títí. Nígbà tó di Sátidé, ó gbé páálí lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ tó wà níwájú ilé, ó jókòó síwájú ìyá télọ̀ gan-an, ó mú àlùmọ́gàjí náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé páálí. Àgbàlagbà obìnrin tó kàwé! Ó ń retí kí wọ́n jágbe mọ́ òun.

Ìyá télọ̀ dá maṣíìnì dúró. Ó wo páálí, ó wo àlùmọ́gàjí, ó dá itọ́ mì.

“Ẹ rọra o, kó má gé yín lọ́wọ́.”

Ìgbà náà ni nọ́ọ̀sì ti ibi iṣẹ́ wọlé. Ìyá yíjú sí i, ojú rẹ̀ le koko. “Ìwọ, níbo lo wà tí àlejò wa fi ń fi àlùmọ́gàjí mi gé páálí?”

Nọ́ọ̀sì ní kí ìyá má bínú, ó bọ́ bàtà, ó lọ wá àlùmọ́gàjí kékeré wá fún olùkọ́. Olùkọ́ gbà á, ó dúpẹ́, omijé sì lé ròrò sójú rẹ̀. Ìyá télọ̀ kò tíì bá nọ́ọ̀sì wí tán.