Àkámọ́ Tí Hafsath Tú

Ọdún tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá ìyá wọn dùbúlẹ̀ ní Bantè ni Moudachirou, baba wọn tó ń ránṣọ, yọ Hafsath kúrò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ó ní, "Ìwọ lo dàgbà. Tọ́jú ìyá rẹ. Bí àbúrò rẹ bá ti gba ìwé ẹ̀rí BEPC, wàá padà."

Hafsath gbà á gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ìṣirò ni ayé rẹ̀. Bó bá ti wẹ ìyá rẹ̀ tán, tó fún un lóúnjẹ, á fi ṣọ́ọ̀kì kọ iṣẹ́ sára ilẹ̀kùn fún Sakinatou, àbúrò rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó kọ 3(x + 2). Sakinatou kọ 3x + 2.

"Rárá o," Hafsath wí. "Mẹ́ta tó wà níta, gbogbo ohun tó wà nínú àkámọ́ ló máa sọ di púpọ̀. O ṣe ti x, o wá fi méjì sílẹ̀. Kí ni méjì fi ṣe ọ́?"

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Sakinatou pa á rẹ́, ó kọ 3x + 6.

Nígbà tó yá, Sakinatou gba BEPC. Hafsath kúnlẹ̀, ó rán baba rẹ̀ létí àdéhùn wọn.

"Ìwọ àgbàlagbà yìí? Àárín àwọn ọmọdé lo fẹ́ lọ jókòó?" Kò tilẹ̀ gbójú kúrò lórí máṣíìnì.

Hafsath yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Bá mi bẹ Bàbá."

Sakinatou wolẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, bẹ́ ẹ bá lọ, ta ni yóò máa tọ́jú Màmá?"

Èyí dun Hafsath ju ti baba lọ. Síbẹ̀, òun náà ló di iṣu ìlú Koko mọ́ ẹrù Sakinatou nígbà tó ń lọ kàwé ní Savalou.

Kò pẹ́ tí fóònù fi dún.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí! (x + 2)(x² + 3x + 5). Kò yé mi rárá."

Wọn ò kọ́ Hafsath ní irú èyí rí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí ilẹ̀kùn pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì, ó fi x sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta inú àkámọ́ kejì di púpọ̀, ó fi méjì náà ṣe bẹ́ẹ̀, ó kó àwọn tó jọra pọ̀: x³ + 5x² + 11x + 10. Ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó pé. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, omijé sì tẹ̀ lé e.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ń gbọ́?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n," Hafsath wí. "Ìwọ lo wà nílé ìwé."

Ó pa fóònù.

"Ta ló pè?" ìyá rẹ̀ bi í láti inú yàrá.

"Wọ́n ṣi nọ́ńbà pè ni, Màmá."