Wọ́n Ní Oòrùn Kan Náà Ni

…kí ni kí n wá sọ fún Gleb báyìí? Kí n ní bẹ́ẹ̀ ni? Kí wọ́n wá gbé Màmá? Ó ní kí n dá òun lóhùn kó tó di ìrọ̀lẹ́, pé ilé ìtọ́jú arúgbó yẹn ò ní fi àyè sílẹ̀ dè wá. Ìrọ̀lẹ́ wo? Ọ̀sán gangan rèé, ìta sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Nílùú tiwa yìí, tí oṣù Kọkànlá bá ti ń parí lọ, oòrùn ti lọ nìyẹn, ó di ọdún tuntun. Aago ni kó sọ fún mi, kó yé sọ ìrọ̀lẹ́. Ó ti pẹ́ jù ní Moscow, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti gbàgbé ibi tí wọ́n bí i sí.

Kò kúkú gbàgbé gbogbo nǹkan. Kò gbàgbé òkun.

Ó yẹ kí n dìde. Màmá máa tó jí, wọ́n á sì fẹ́ mu tíì. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n jókòó sídìí tábìlì yìí ná. Èmi tí mo ti ń sọ ọ́ látọdúnmọ́dún, fún Gleb, fún àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ nílé búrẹ́dì, fún ẹnikẹ́ni tó bá ní, "Taya, kí ló dé tó o so ara ẹ mọ́ ìyá arúgbó báyìí?" Ìdáhùn mi kì í yí. Màmá ò fi mí sílẹ̀ rí, èmi náà ò ní fi wọ́n sílẹ̀. Mo máa ń gbé orí sókè tí mo bá ń sọ ọ́. Àwọn èèyàn á mi orí. Wọ́n á ní ọmọ dáadáa ni.

Màmá ò fi mí sílẹ̀ rí. Họ́wù.

Ẹyin lohùn, wọ́n ní bó bá balẹ̀ kò ṣeé kó. Gleb ò tilẹ̀ tètè mọ̀ pé nǹkan bọ́ lọ́wọ́ òun. Ó ń polówó ilé arúgbó fún mi bí ẹni ń ta ẹran. Ó ní adágún ńlá wà lẹ́yìn ilé náà, ó ní Màmá máa fẹ́ràn ẹ̀. "Ṣé o rántí bí wọ́n ṣe wẹ̀ lọ jìnnà nínú òkun ní Sochi, tí Bàbá wá ń pariwo létí omi?" Mo ní Sochi kẹ̀? Ó rẹ́rìn-ín. "Ah, o ò sí níbẹ̀. Àṣírí ti tú nìyẹn o. Áísìkirimù ni wọ́n fi bẹ̀ mí kí n má sọ fún ẹ. Taya, gbogbo wa ti darúgbó, fi ìyẹn sílẹ̀."

Mo bi í pé nígbà wo.

"Ọdún tó o wà lọ́dọ̀ Àǹtí Rimma. Ọdún tí wọ́n ń gbé ẹ síwájú iná oòrùn."

Ọdún iná oòrùn mi. Wò ó bó ṣe sọ ọ́, bí ẹni pé wọ́n fún mi ní ohun ìṣeré.

Mo ṣì ń gbóòórùn yàrá yẹn. Òórùn bí ìgbà tí àrá ṣẹ̀ṣẹ̀ sán, tó dà pọ̀ mọ́ òórùn epo ẹja tí wọ́n fi ṣíbí bù sí wa lẹ́nu kí á tó wọlé. Pátá nìkan ló máa ń wà nídìí wa, gbogbo wa ọmọ kílíníìkì. Wọ́n fi ẹfun fa àmì yípo sílẹ̀, kálukú á dúró lórí àmì, iná tí ìtànṣán ẹ̀ dà bíi ti oòrùn á wà láàárín. Awò dúdú tí wọ́n ń so mọ́ wa lójú tóbi ju orí mi lọ, mo ní láti fi ọwọ́ kan dì í mú. Àǹtí Rimma, nọ́ọ̀sì, aládùúgbò wa, tí ilẹ̀kùn ẹ̀ kọjú sí tiwa — òun ló máa ń pàṣẹ. "Ẹ kọjú sí i. Ẹ kọ̀yìn sí i. Styopa, má fọwọ́ kan Taya." Torí Styopa, ọmọkùnrin tó máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ò ní yé fi mí ṣẹ̀sín, á ní: "Ẹ wo ẹsẹ̀ Taya, ajá lè gba àárín ẹ̀ kọjá kó má fara kàn án." Òótọ́ ló sọ. Eegun mi rọ̀ nígbà yẹn, ẹsẹ̀ mi sì wọ́. Dókítà ní oòrùn ni kò tó lára mi.

Kí ni Màmá sọ lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ lọ? Mo mọ̀ ọ́n lórí. Wọ́n kúnlẹ̀ níwájú mi, wọ́n ń so okùn bàtà mi, wọn ò wojú mi. "Taya, ara Màmá ò yá. Wọ́n ní kí n lọ sí ọsibítù ńlá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Màmá àgbà. Bàbá á sìn mí lọ, Gleb náà á tẹ̀ lé wa. Ìwọ ò lè lọ nítorí iná ẹ." Mo ní ṣé oòrùn wà níbẹ̀? "Oòrùn tó wà nínú iná ẹ yẹn ni oòrùn ibi gbogbo. Oòrùn kan náà ni." Wọ́n so okùn náà le jù. Ó dùn mí, mi ò sọ.

Ara Màmá ò yá. Ẹ gbọ́ mi… ara ta ni kò yá? Èmi tí ẹsẹ̀ mi wọ́ ni ara mi ò yá. Màmá ń wẹ̀ nínú òkun.

Èmi ń bá iná dá májẹ̀mú. Ta ló kọ́ mi? Kò sí. Mo kàn gbà á lọ́kàn ara mi pé tí mi ò bá mira títí Àǹtí Rimma á fi ní ó tó, Màmá ò ní kú. Tí mo bá mira, wọ́n á kú. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń dúró. Etí á máa yún mi. Awò á máa yọ̀ lójú mi. Lọ́jọ́ kan ìtọ̀ gbọ̀n mí, bẹ́ẹ̀ iná ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn ni. Mo tọ̀ sára níbi tí mo dúró sí, ó ṣàn lórí ẹsẹ̀ wíwọ́ mi méjèèjì, mi ò yẹ̀ lórí àmì. Styopa ń rẹ́rìn-ín bí ẹni máa kú. Àǹtí Rimma pa iná, ó kó àwọn yòókù jáde, ó ń fi aṣọ nù mí lẹ́sẹ̀. Mo sọ fún un pé kó tan iná padà, pé Màmá máa kú. Ó gbá mi mọ́ra. Ó sunkún. Mo rò pé nítorí ìtọ̀ ni.

Òun náà mọ̀. Gbogbo wọn ló mọ̀. Obìnrin yẹn fi ṣúgà sí mi lẹ́nu, ó fi aṣọ òtútù ẹ̀ bò mí lálẹ́, mo fẹ́ràn ẹ̀ títí ó fi kú, mo sì ń gbé òdòdó lọ sí sàréè ẹ̀ lọ́dọọdún. Ó mọ̀. Gbólóhùn kan péré ni ì bá sọ. "Màmá ẹ ò ní kú, ọmọ mi, wọ́n lọ gbafẹ́ ni." Ǹ bá bínú. Ǹ bá sun ẹkún àárọ̀ kan, kó tán. Ọmọ tó ń bínú sàn ju ọmọ tó ń dá májẹ̀mú pẹ̀lú iná lọ.

Irọ́ tó bá rìn fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Tiwa yìí rìn ju ogún ọdún lọ, ó darúgbó lẹ́nu ìrìn, ó ń sùn nínú yàrá kejì báyìí pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ onírun tí èmi hun fún un.

Gleb sọ ọ̀rọ̀ kan sí i. Mo ń yí i ká láti àárọ̀. Mi ò fẹ́… Ó dáa. Mo bi í pé kí ló dé tí wọn ò mú mi lọ. Ó ní àyè èèyàn mẹ́ta ni ibi iṣẹ́ Bàbá fún wọn láti fi lọ gbafẹ́. Mo ní kí ló dé tó jẹ́ ìwọ? Ó fa èémí. "Má bínú o. Màmá ní àwọn èèyàn á máa wo ẹsẹ̀ ẹ létí òkun."

Ẹsẹ̀ mi.

Ọmọ tí dókítà ní oòrùn ò tó lára ẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ sínú òkùnkùn, wọ́n wá gbé èyí tí eegun ẹ̀ le bí irin lọ sínú oòrùn. Nítorí ojú ayé. Nítorí àwọn tí wọn ò mọ̀ rí, tí wọn ò tún ní rí mọ́. Màmá tijú mi. Ó dùn mí. Mi ò ní pè é ní nǹkan mìíràn, ó dùn mí wọnú eegun.

Kí wọ́n máa lọ. Bẹ́ẹ̀ ni. Fóònù dà? Kí n tẹ̀ ẹ́ fún Gleb, "Ẹ wá gbé wọn." Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré. Ẹni tó mú wọn lọ wo òkun ni kó máa tọ́jú wọn. Mo ti tẹ̀ ẹ́. Ó wà níbẹ̀. Kí n kàn fi ránṣẹ́…

Kí ló dé tí ọwọ́ mi dúró?

Ara wọn mà pọ́n nígbà tí wọ́n dé láti Sochi. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Awọ wọn ti di bí èèpo búrẹ́dì tó jinná. Màmá bọ́ aṣọ òtútù sílẹ̀, wọ́n gbé mi, mo rí ìlà funfun méjì léjìká wọn níbi tí okùn aṣọ ìwẹ̀ gbà. Mo ní ṣé wọ́n fi iná wò yín ní ọsibítù ni? "Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi." Bàbá ńkọ́? "Gbogbo wa ni." Bàbá ń wo inú ọbẹ̀ ẹ̀. Mo fi ìka kan ojú Màmá yípo. Àwa ọmọ iná, òrùka funfun ló máa ń yí ojú wa ká níbi tí awò bò. Ojú Màmá ò ní òrùka kankan. Mo fi ìka tọ ọ́ yípo lẹ́ẹ̀kan sí i. Màmá di ọwọ́ mi mú, wọ́n gbé e kúrò lójú wọn.

Níjọ́ kejì mo lọ sọ fún Styopa pé Màmá mi náà dúró níwájú iná. Ó ní, "Irọ́. Òrùka ojú ẹ̀ dà?" Mo lù ú títí imú ẹ̀ fi ṣẹ̀jẹ̀. Ta ló ń lu èèyàn torí ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀?

Mo mọ̀. Ọlọ́run. Gleb ò tú àṣírí kankan. Mo mọ̀ látọjọ́ yẹn, mo fi ọwọ́ ara mi kan án.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sùn sórí bàtà Màmá lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn náà, tí wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ yìí ti di ológbò. Ìdí nìyẹn… Vadim. Vadim tó fẹ́ fẹ́ mi, tó ń wa ọkọ̀ ojú irin, tó kọ́lé sí gúúsù. Kò ní kí n fi Màmá sílẹ̀, ó ní kí n mú wọn dání, pé òkun ò jìnnà sílé òun. Mo ní Màmá ò lè fara da ìrìn àjò náà. Màmá ò mọ̀ pé ẹnì kan pè wọ́n. Mi ò bi wọ́n. Lọ́dún tó kọjá mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti wọṣọ, wọ́n gbé àpò lọ́wọ́. "Taya, mo fẹ́ rí òkun lẹ́ẹ̀kan sí i." Mo ní yìnyín wà nílẹ̀, ẹ máa ṣubú. Mo bọ́ aṣọ lára wọn. Látọjọ́ náà ni mo ti ń ti ilẹ̀kùn láti ìta tí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́. Kọ́kọ́rọ́ náà nìyí nínú àpò mi báyìí, lọ́jọ́ ìsinmi, tí mo wà nílé.

Bẹ́ẹ̀dì ń dún nínú yàrá. Màmá ti jí. Wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wá bàtà wọn nílẹ̀.

Ìtọ́jú ni mo pè é, gbogbo ọdún wọ̀nyí. Kì í ṣe ìtọ́jú. Mo ń ṣọ́ wọn ni, kí wọ́n má baà tún fi mí sílẹ̀ lọ.